Ẹjọ́ Ẹni Tí Kò Lọ Sí Ilé Ìwòsàn

Ìlera ni ọrọ̀. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, kò sì sí àgbàlagbà kan tí yóò jiyàn rẹ̀. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀ pé gbogbo wa ni a gbà pé ìlera ni ọrọ̀, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn kan ń lọ sí ilé tí a ti ń tọ́jú ìlera, tí àwọn mìíràn kò sì ń lọ? Kí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ aboyún ní Ìlọrin àti ní Èkó fi ń bímọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí tí a kọ́ níṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní ìgbèríko sì ń bí tiwọn nínú yàrá ilé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ gbé yẹ̀ wò, ìwọ òǹkàwé mi, nítorí pé ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún un kò tọ́, ìdájọ́ tí kò tọ́ a sì máa bí ìwà tí kò tọ́.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹjọ́ dá lé lórí. Oríṣi ilé ìwòsàn mẹ́ta ni ìjọba dá sílẹ̀ fún wa. Èyí tí ó ga jù ni ọsibítù ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́, irú èyí tí ó jẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ọsibítù gbogbogbòò, irú èyí tí ó wà ní Òmù-Àrán. Èyí tí ó yẹ kí ó sún mọ́ ènìyàn jù lọ ni ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, èyí tí ó rọ́pò dìsípẹ́ńsárì ayé àtijọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń wọn ìwúwo ọmọ ọwọ́, tí a ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ti ń yẹ aboyún wò, tí a ti ń tọ́jú ibà kí ó tó di ńlá, tí a sì ti ń kọ́ ìyá ọmọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Iṣẹ́ kékeré ni wọ́n jọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n. Igi gańgań-rán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ilé ìwòsàn kékeré yìí ni òkèèrè tí a ti ń wo igi náà kí ó tó dé ojú.

Gbogbo ayé ni ó ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 130 péjọ sí ìlú Alma-Ata ní Kazakhstan, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà, wọ́n sì pinnu pé kí ìlera tó gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ kí ọdún 2000 tó dé, àti pé ìtọ́jú alábọ́dé ni ọ̀nà tí a óò gbà débẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di ọdún 1992, ni ó gbé ètò yìí ka iwájú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó fà á lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ni ó sún mọ́ ará ìlú. Ní ọdún 1992 kan náà ni a dá àjọ tí ń mójú tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀.

Ọdún 2000 dé, ó sì kọjá lọ. Ìwádìí ńlá tí a ṣe ká Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi ohun tí ó ṣẹ́kù hàn wá. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní àwọn ìlú ńlá, nǹkan bí 61 ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Ní ìgbèríko, nǹkan bí 26 péré ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì, nǹkan bí 44 ni ó ti gba gbogbo àjẹsára ìpìlẹ̀ ní ìlú ńlá. Ní ìgbèríko, nǹkan bí 23. Kíyè sí i pé ìlú ńlá pàápàá kò dé ìdajì lórí ọ̀ràn àjẹsára. Ṣùgbọ́n ìgbèríko jìnnà sẹ́yìn púpọ̀. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe òǹkà lásán. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò gba àjẹsára jẹ́ ọmọ tí èéyi tàbí ipá lè mú lọ nígbàkúgbà.

Wàyí o, gbọ́ ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń dá. Wọn a ní, ‘Òpè ni àwọn ará oko. Wọn kò mọ ohun tí ó dára fún wọn. Àgbo àti àfọ̀ṣẹ ni wọ́n gbà gbọ́.’ Mo bẹ̀rù pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa wà nínú àwọn tí ń sọ ọ́. Ọmọ tí ó jáde ní abúlé, tí ó lo sáà méjì ní Ìlọrin, tí ó sì kọ́ ohun tí kòkòrò àrùn ń ṣe, a máa padà wálé wá fi ojú òpè wo ìyá tí ó bí i. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A kò tíì gbọ́ ti ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Jẹ́ kí a pè é wá sọ tẹnu rẹ̀. Ká ní ará Ìdọ̀fin ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlọfà, ní apá ibi tí Kwara àti Èkìtì gbé pààlà. Àgbẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń gbóná lára láti ìdájí. Bí obìnrin yìí bá ń gbé Ìlọrin, ohun kan ṣoṣo ni ì bá rò: ṣé ara ọmọ yìí gbóná tó ohun tí mo lè gbé e jáde fún? Ṣùgbọ́n níbi tí ó wà, ó ní láti ro ohun mẹ́fà. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ta ni yóò bá a ta iṣu tí ó ti rù wálé? Bí ó bá jẹ́ ìgbà ìkórè, ta ni yóò dúró ní oko? Èló ni ọlọ́kadà yóò gbà ní àlọ, èló ní àbọ̀? Bí ó bá dé ibẹ̀, ṣé nọ́ọ̀sì yóò wà lórí ìjókòó? Bí nọ́ọ̀sì bá wà, ṣé oògùn yóò wà? Bí oògùn kò bá sì sí, tí wọ́n ní kí ó máa gbé ọmọ lọ sí Òmù-Àrán, owó wo ni yóò fi lọ?

Ṣé ìwọ náà rí i báyìí? Obìnrin yìí ń ro ohun púpọ̀ ju ti ará ìlú ńlá lọ. Bí ó bá ti orí ìrònú yìí pinnu pé, ‘Jẹ́ kí n fún un ní àgbo lónìí ná, kí n wò ó di ọ̀la,’ ó lè ṣìnà, ọ̀la náà sì lè pẹ́ jù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n àìní-ọgbọ́n kọ́ ni ó mú un ṣìnà. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1994, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ìwé kan lórí ohun tí ń pa àwọn aboyún, wọ́n sì fi hàn pé ìdádúró mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni ìdádúró ní ilé, kí a tó pinnu láti lọ. Èkejì ni ìdádúró ní ojú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìdádúró ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, nígbà tí a ti dé ibẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò tọ́jú ni. Fi ọkàn sí bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì ní àná, òun ni yóò lọ́ tìkọ̀ ní ilé lónìí. Ẹni tí a bú nígbà tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá, yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tún wá. Nígbà náà, àwa tí ó wà ní òkèèrè a rí ìdádúró ti ilé, a ó sì sọ pé òpè ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdádúró ti ilé ìwòsàn ni ó bí i.

Má ṣe rò pé ará ìlú ńlá bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Ní ìlú ńlá, ilé ìtọ́jú alábọ́dé lè wà ní ìkángun àdúgbò, kí ará àdúgbò má sì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Orí fọ́ ọ, ó gba kẹ́míìsì lọ láti ra oògùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Tàbí kí ó gba ọsibítù ńlá lọ tààrà, nítorí pé ó kà á sí àbùkù pé kí nọ́ọ̀sì lásán tọ́jú òun. Báyìí ni ìlà àwọn aláìsàn fi ń gùn ní ọsibítù ńlá, tí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le ní tòótọ́, tí a gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, fi ń jókòó ti ẹni tí òtútù lásán mú. Ará oko kò lo ilé ìwòsàn kékeré nítorí pé ó jìnnà sí i. Ará ìlú kò lò ó nítorí pé ó fojú tín-ín-rín rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí a pè ní òpè? Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé tálákà inú ìlú. Ẹni tí kò ní owó lè máa gbé ní ẹ̀gbẹ́ ọsibítù ní Èkó, kí ó sì jìnnà sí i ju ará Ìdọ̀fin lọ, nítorí pé àìlówó pẹ̀lú jẹ́ ọ̀nà jíjìn.

Bóyá ìwọ yóò ní, ‘Ọ̀rọ̀ dídùn ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà?’ Ẹ̀rí ń bẹ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà ará England kan, David Morley, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. A ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, a sì ń fi àmì ìwúwo rẹ̀ sórí káàdì kan tí a ya ìlà ìdàgbà sí, kí a lè rí i lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ bá ń rù. Káàdì náà kò sí ní àpótí ìjọba. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó ń wà. Àwọn ìyá Ìmèsí-Ilé tọ́jú káàdì náà dáadáa, wọ́n sì ń gbé ọmọ wọn wá. Láti ìlú kékeré yìí ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ ìwé. Kí ni ó mú wọn wá? Ìtọ́jú náà sún mọ́ wọn, a sì bu ọlá fún wọn.

Ẹ̀rí kejì wà ní Kwara fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ Hygeia àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera ní Ṣóńgà; ó sì dé Àfọ̀n ní ọdún 2009. Ará ìlú yóò san owó kékeré lọ́dọọdún, a ó bá a san èyí tí ó pọ̀ jù, a ó sì tún ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Àwọn olùwádìí yẹ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọ́n ń ru wò ní Àfọ̀n, wọ́n sì fi wọ́n wé irú wọn ní Àjàṣẹ́-Ìpo níbi tí ètò náà kò tíì dé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará Àfọ̀n ti lọ sílẹ̀ ju ti àwọn kejì lọ. Orí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ náà ni ó wà lọ́rùn wọn. Ọ̀nà tí ó wà níwájú wọn ni ó yí padà.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé ará ìgbèríko kò ní ẹ̀bi kankan? Rárá o. Ẹni tí a bá sọ pé kò lè jẹ̀bi rárá, ọmọdé ni a sọ ọ́ dà. Ẹ̀bi a máa wà ní ibi tí agbára bá wà. Ohun tí kò sí ní agbára rẹ, a kò lè bi ọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí ó wà ní agbára rẹ, ìwọ ni yóò dáhùn fún un. Wo ọ̀ràn sòbìyà. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000, àwọn ará abúlé tí ń mu omi adágún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Ohun tí ó lé e lọ ni pé a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún, a da oògùn tí ń pa kòkòrò sínú adágún, a gbẹ́ kànga, ẹni tí sòbìyà bá sì ti yọ sí lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni a yàn láti máa ṣọ́ ara wọn. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Bí ilé kan bá wà nígbà náà tí a fún ní aṣọ asẹ́mi tí kò lò ó, ilé náà jẹ̀bi, nítorí pé ó ti wà ní agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lónìí: bí a bá gbé àjẹsára dé ẹnu ọ̀nà ẹni lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni náà sì ti ilẹ̀kùn, kò tún lè fi ọ̀nà jíjìn ṣe àwáwí.

A ti rí i nígbà náà pé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnìkan. Ti ìjọba ni pé kí ilé ìwòsàn wà, kí ọ̀nà dára, kí oògùn má tán. Ti òṣìṣẹ́ ìlera ni pé kí ó wà níbi iṣẹ́, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ gba aláìsàn. Ti onílé ni pé kí ó wá nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò tọ́ kí ó fi ìka tọ́ èkejì.

Ṣùgbọ́n àwọn kan yóò bi wá léèrè pé, ‘Èrò pọ̀ ní ìlú ńlá, kò ha tọ́ kí ìtọ́jú pọ̀ níbẹ̀?’ Ìbéèrè rere ni. Èmi gbà pé a kò lè kọ́ ọsibítù ńlá sí gbogbo abúlé. Ẹ̀rọ olówó iyebíye àti dókítà tí ó mọ iṣẹ́ abẹ ọkàn ní láti wà níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà àti agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kí ó tó rí. Ní ọdún 1971, dókítà kan tí ń jẹ́ Julian Tudor Hart, tí ó ń tọ́jú àwọn awakùsà èédú ní abúlé Glyncorrwg ní ilẹ̀ Wales, kọ̀wé pé níbi tí àìsàn bá pọ̀ sí, níbẹ̀ ni ìtọ́jú rere máa ń ṣọ̀wọ́n sí. Níbi tí a kò sì ti nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ sí. Ilẹ̀ òyìnbó ni ó ti sọ èyí, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́! A rí i pé bí a kò bá mọ̀ọ́mọ̀ fà á, ohun rere kì í ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà, ìpín dọ́gba kì í ṣe òdodo nígbà gbogbo. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ni ó yẹ kí a na ọwọ́ sí gùn jù.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́ wàyí, ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìyá rẹ lè má mọ ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ ọ́n. Bá a ka káàdì àbúrò rẹ. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni àjẹsára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò tún gba òmíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ti èéyi àti ti ibà pọ́njú sì ń bọ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án. Rán an létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn. Bí ó bá ní kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọjà òun, ìwọ ni kí o dúró ti ọjà náà. Ní ọjọ́ yẹn, ìwọ ti dín ìdádúró àkọ́kọ́ kù. Bí o bá sì dàgbà, tí o di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, tí a wá fi ìwé yàn ọ́ sí ibi kékeré kan tí iná mànàmáná kò ti í tàn déédéé, má ṣe kà á sí ìyà. Rántí pé ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tí ń ro ohun mẹ́fà nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Bí ó bá mọ̀ dájú pé ìwọ wà lórí ìjókòó, èrò kan ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà mìíràn tí o bá wá gbọ́ tí ẹnìkan ń wí pé, ‘Òpè ni wọ́n, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn,’ má ṣe yára dá sí i. Kọ́kọ́ bi í pé: báwo ni ibẹ̀ ti jìnnà tó, èló ni ó ń náni láti débẹ̀, ta ni a sì ń bá níbẹ̀? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ìdáhùn rẹ̀ sì dára, nígbà náà ni kí ẹ wá jókòó dá ẹjọ́.